Láti Pápákọ̀ Yín dé Tiwa

                                        Ilé Kẹta sí Ilé-Epo,
                                        Ọ̀nà Ẹ̀yìn Pápákọ̀ Òfurufú.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹsàn-án.

Máàpù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó, mo kí gbogbo ilé lápapọ̀. Ẹ kú wàhálà ẹrù kíkó. Ṣé ilé tuntun náà tura? Ṣé ìyàwó ti rí ibi sá aṣọ sí, àbí ó ṣì ń bá ọ fà á pé o gba ilé láìwo ẹ̀yìnkùlé? Orókún rẹ ńkọ́, ṣé ó ti gbà fún àtẹ̀gùn tí o sọ? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbé bírò sílẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí mo kọ ìyẹn. Má jẹ́ kó dùn ọ́. Mo fẹ́ gbọ́ nípa wọn lóòótọ́: ta ló ga jù nísinsìnyí, ta ló ń ṣe oríkunkun. Kò sí ohun tó burú nínú kí èèyàn béèrè ọmọ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ara tèmi le. Ìyàwó mi náà, mo fẹ́ kọ pé dáadáa ló wà, ṣùgbọ́n ìwọ lò ń ka lẹ́tà yìí, kì í ṣe ọ̀gá mi. Máa kà á lọ, wàá rí bó ṣe wà.

Lẹ́tà rẹ dé ọwọ́ mi. O ní o fẹ́ wá bá wa jókòó, nítorí pé o ò sí nítòsí nígbà tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ wá, o ò sì tíì kó dé ìlú tí o wà báyìí. O ṣeun. O wá béèrè bóyá bàálù ni kí o wọ̀ ni tàbí kí o gba orí ilẹ̀, pé báwo ni pápákọ̀ yín ṣe jìnnà sí tiwa tó. Ẹ̀rín pa mí. Ìwọ Máàpù! Ìwọ tí tíṣà jọ́gíráfì máa ń kó òwú fún! Ṣé o rántí? Ó ní rúlà là ń fi wọn ọ̀nà ẹyẹ, òwú là ń fi wọn ọ̀nà ẹsẹ̀, pé ẹni tó bá fi rúlà wọn ọ̀nà ẹsẹ̀, ilẹ̀ á ṣú bá a nínú igbó. Ìwọ nìkan lo máa ń gbà á. Èmi a máa wo ìwé rẹ kọ, síbẹ̀ mo máa ń gba òdo.

Mo ti wọ̀n ọ́n fún ọ. Àwòrán ilẹ̀ ńlá kan wà lára ògiri ọ́fíìsì wa. Mo gbé rúlà lé e láti pápákọ̀ yín dé tiwa: ó lé díẹ̀ ní igba kìlómítà. Mo wá fi òwú ìránṣọ ìyàwó mi tẹ̀ lé títì, ó lé ní irinwó. Adágún omi yẹn ló fà á. Bàálù á gba orí rẹ̀ kọjá, kó tó pé wákàtí kan ó ti balẹ̀. Bí wọ́n bá fún ọ ní omi, tètè mu ún, torí wọn ò ní pẹ́ gba ife lọ́wọ́ rẹ. Ọkọ̀ ilẹ̀ ní tirẹ̀ á máa yí etí omi náà po bí ẹni tó fẹ́ tọrọ nǹkan tí ojú ń tì. Bí o bá kúrò láàárọ̀, ìrọ̀lẹ́ lo máa dé.

Ìdáhùn ìbéèrè rẹ nìyẹn. Mo ti kọ lẹ́tà tó parí síbẹ̀, mo sì fà á ya. Mo tún òmíràn kọ, mo tún fà á ya. Ohun tó kù ni mi ò mọ bí n ó ṣe kọ. Bó bá dà bí ọ̀rọ̀ ẹni tí orí rẹ̀ ti fẹ́ máa yí, rántí pé ìwé mẹ́wàá péré la jọ kà. Mi ò ní ọ̀rọ̀ ńláńlá tí mo lè fi bò ó.

O mọ iṣẹ́ mi. Àwọn bàálù tó ń fò láàárín pápákọ̀ méjèèjì kéré. Bí èrò bá ti kún inú wọn, ẹrù ò ní lè wọlé tán. Èyí tó bá ṣẹ́kù, èmi ni mò ń fi ọkọ̀ gbé e tẹ̀ lé wọn. Ẹni tó ni àpótí á ti délé, á ti bọ́ bàtà, á ti na ẹsẹ̀, àpótí rẹ̀ á ṣì wà lọ́dọ̀ mi létí omi. Bí wọ́n bá fi ìbínú pè mí lórí fóònù, ohun kan náà ni mò ń sọ: "Ẹ má bínú, ẹrù ń bọ̀." Ìyẹn làwọn alágbàárù ṣe sọ mí ní Ẹrù-Ń-Bọ̀. Ọ̀gá wa pàápàá ti gbàgbé orúkọ tí mo gbé wọ iṣẹ́.

Ọkọ̀ yẹn náà ni mo fi gbé ọmọ wa lọ sí ọsibítù ìlú yín. Ọmọ kan ṣoṣo, Màmá Kékeré. Ìwọ lo sọ ọ́ ní Màmá Kékeré, lọ́jọ́ tó na ìka sí ọ pé kí o nu ẹsẹ̀ rẹ kí o tó wọlé. Nígbà tí a kúrò nílé, iwájú ló jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń pàṣẹ. "Dádì, ẹ rọra. Dádì, ẹ tẹ fèrè fún ajá yẹn, kò rí wa." Ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìn láàárín àwọn àpótí. Nígbà tí a dé afárá tó wà ní ìdí adágún, ó rẹ̀ ẹ́. A dúró, a tẹ́ fóòmù sílẹ̀ lẹ́yìn, ó lọ dùbúlẹ̀ sẹ́bàá ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Irin ló pín iwájú àti ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn níyà, kò ní fèrèsé. Ó ní kí n má fòyà, pé òun á máa kan irin náà kí n lè mọ̀ pé òun wà níbẹ̀. Kò, kò, kò. Èmi náà á fi ìka dá a lóhùn: kò, kò. Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé ìlú yín.

Ìyókù, o ti gbọ́. Kò lò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ. Ibẹ̀ la sin ín sí. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà ló ní kí a má gbé e rin ọ̀nà jíjìn mọ́, pé ó ti rìn tó. Lọ́jọ́ kejì, dandan ni kí n dá ọkọ̀ padà, ẹrù àwọn èèyàn sì ti wà nílẹ̀. Ọ̀gá wa ṣàánú. Ó ní ìyàwó mi ò gbọdọ̀ tún fi ojú rí ọ̀nà yẹn, ó fún un ní ìjókòó nínú bàálù. Gbogbo ayé ló ní inú ọ̀gá dáa, èmi náà dúpẹ́ títí. Mo mú ìyàwó mi dé ẹnu géètì. Kí n tó jáde nínú ìlú yín tán, ó ti délé.

Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Mi ò tíì rìn jìnnà nígbà tí nǹkan kan irin lẹ́yìn mi: kò, kò, kò. Mo dúró. Mo ṣí ẹ̀yìn. Àpótí, báàgì, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ká pọ̀. Mo ti ilẹ̀kùn, mo ń lọ. Ó tún kàn án. Mi ò mọ ìgbà tí ìka mi dáhùn. Ó sì bá mi lọ bẹ́ẹ̀, nígbà míì á pẹ́, nígbà míì á yá, títí mo fi dé afárá. Ní afárá, ó dákẹ́ wáí. Láti ibẹ̀ délé, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Láti ìgbà náà, bí mo bá ń lọ, kò sí nǹkan. Bí mo bá ń bọ̀ láti pápákọ̀ yín, ó ń bẹ lẹ́yìn mi títí dé afárá. Mo mọ ohun tí wàá sọ, Máàpù. Èmi náà ti sọ ọ́ fún ara mi. Mo gbé ọkọ̀ lọ bá mẹkáníìkì, ó wọ abẹ́, ó wọ inú, ó jáde pẹ̀lú ẹ̀rín. Nọ́ọ̀tì kan ti tú lára irin tí à ń to ẹrù lé.

"Bàbá Ẹrù-Ń-Bọ̀, eléyìí ló ń da yín láàmú. Ẹ jẹ́ n dè é, kíá ni."

Mo ní kó fi sílẹ̀.

"Kí n fi sílẹ̀ kẹ̀? Ṣé orin ló ń kọ fún yín ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lé táyà.

Bóyá nọ́ọ̀tì ni lóòótọ́. Bí mo bá ń lọ, ẹrù máa ń pọ̀, ó lè jẹ́ pé ẹrù ló ń tẹ irin náà mọ́lẹ̀ tí kò fi ń ró. Mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé mi ò sọ fún ìyá rẹ̀. Mo ní nǹkan kan lẹ́yìn ọkọ̀ mi, òun ò ní nǹkan kan, mo sì pa ẹnu mọ́. Mo ń sọ fún ara mi pé ara rẹ̀ ò ní lè gbà á. Irọ́ ni. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi pín in ni. Èmi rèé, ọkọ rẹ̀.

Ní gbogbo àkókò yẹn, ìyàwó mi ò sunkún. Ó ń dáná, ó ń fọ aṣọ, ṣùgbọ́n báàgì tó gbé bọ̀ nínú bàálù wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, kò tú u. Bí mo bá ní kí n bá a tú u, á ní, "Ẹ fi sílẹ̀, mi ò tíì délé." Mo rò pé ìbànújẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Kò tún pè mí ní Dádì ẹ̀ mọ́. Bó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ wúkọ́.

Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí pápákọ̀. Bí bàálù ìlú yín bá ti fẹ́ balẹ̀, wàá rí i níbi tí àwọn èrò ń gbà jáde, ó dúró láàárín àwọn tó wá pàdé èèyàn wọn, ó na ọrùn bíi tiwọn. Àwọn alágbàárù, àwọn tí kì í yéé fi mí ṣẹ̀fẹ̀, bí mo bá ń bọ̀ wọ́n á máa wo ilẹ̀. Mo fẹ́ràn kí wọ́n bú mi ju ìyẹn lọ.

Lọ́jọ́ kan ni ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi o. Ìyàwó yín ò jà, kò jalè. Àmọ́ ó ń kí àwọn ọmọ ọlọ́mọ káàbọ̀."

Mo ní ṣé ìkíni ti wá di ẹ̀ṣẹ̀ ni.

Ó ní rárá o. Ó ní ṣùgbọ́n bí ọmọbìnrin kékeré kan bá ti yọ, ìyàwó mi á lọ lóṣòó síwájú rẹ̀, á ní, "Káàbọ̀, ṣé ọ̀nà ò jìn jù?" Àwọn ọmọ míì á dáhùn, àwọn míì á sá. Ìyá ọmọ kan ti pariwo lé e lórí, àwọn ọ̀gá sì ti ní bó bá tún wá, kí òun má jẹ́ kó wọlé. "Báwo ni mo ṣe máa lé ìyàwó yín, ẹ̀gbọ́n? Ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀." Omi ti fẹ́ jáde lójú ọkùnrin náà.

Mo délé, mo bi í léèrè. Kò bínú. Ó ní, "Ẹ sọ fún mi. Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ náà, ta ló kí mi káàbọ̀?"

Mo ronú. Máàpù, kò sẹ́nì kankan. Ilé kún lọ́jọ́ yẹn, wọ́n kí i kú ìrọ́jú, wọ́n kí i kú àmúmọ́ra, wọ́n ní kí Ọlọ́run dá èyí tó kù sí, bí ẹni pé ọ̀kan ṣì kù. Èmi tí mo dé nírọ̀lẹ́, mo kàn dì í mú ni, mi ò sọ nǹkan kan.

Ó ní, "Wọ́n ní kí n jókòó, mo jókòó. Wọ́n ní kí n so bẹ́líìtì, mo so ó. Wọ́n ní kí n tú u. Ìgbà wo ni mo wá rin ọ̀nà? Láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ la fi gbé e lọ síbẹ̀. Wọ́n wá ní mo ti kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀ kí omi inú ife tó tán. Bí èmi ò bá tíì dé, òun náà lè ṣì wà lọ́nà."

Mi ò lè gbé ojú sókè. Èmi tí mò ń gbọ́ ọ! Ohun tó jáde lẹ́nu mi ò ju pé, "Bá mi lọ lọ́la."

Ó bá mi lọ. A lọ síbi tí a sin ín sí, ó fi ọwọ́ ṣa koríko orí rẹ̀, a sùn nítòsí pápákọ̀ yín. Ní òwúrọ̀, wọ́n di ẹrù, ìyàwó mi jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, a gbéra. Mo ta etí. Kò sí nǹkan. Mo fi ìka kan irin. Kò sí nǹkan. A ti rìn títí, omi ti hàn, kò sí. Nọ́ọ̀tì ọ̀hún gan-an pa ẹnu mọ́! Mo ní, ṣé o rí ara rẹ, àgbà òfìfo, o kàn ń gbọ́ ohun tó wù ọ́ ni.

Ṣùgbọ́n mo sọ ọ́. Mi ò mọ ohun tó tì mí. Nígbà tí afárá kù díẹ̀ mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti ọjọ́ kìíní, títí kan ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì. Mo rò pé yóò gbá mi létí. Mo tilẹ̀ fẹ́ kó gbá mi.

Ó ní, "Ẹ sì ń dá a lóhùn?"

Mo ní mò ń dá a lóhùn.

"Ó dáa tí ẹ dá a lóhùn," ló wí, ó sì kọjú sí fèrèsé.

Ilẹ̀ ibẹ̀ kò dára, kòtò wà níbi tí títì ti ń gun afárá. Bí táyà ẹ̀yìn ṣe bọ́ sínú ẹ̀, ó dún: kò, kò, kò. Ìyàwó mi gbé ọwọ́ lọ sẹ́yìn láìwo ibẹ̀, ó fi ìka kan irin náà: kò, kò. A gun afárá. Ó dákẹ́ bó ṣe máa ń dákẹ́.

"Ibí yìí ló máa ń dákẹ́ sí," mo wí. "Mi ò mọ ibi tó ń lọ."

Ó yíjú sí mi. "Dádì ẹ̀, ẹ dúró."

Mo dúró.

"Ṣé ẹ ti gbàgbé ni? Ibí la ti gbé e lọ sẹ́yìn nígbà tí à ń lọ. Láti ilé dé ibí, iwájú ló jókòó sí. Kò lọ ibì kankan. Ọ̀dọ̀ yín ló máa ń bọ̀." Ó wo abẹ́ ara rẹ̀ bí ẹni tó jókòó lé aṣọ ẹlòmíràn. "Èmi ni mo wà lórí ìjókòó ẹ̀."

Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu ìjókòó náà, ó fa bẹ́líìtì kọjá lórí ibi tó ṣófo, ó so ó, ó tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó mú. Lẹ́yìn náà ó ti ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́, ó lọ sẹ́yìn láàárín ẹrù, ibi tó wà nígbà tí à ń lọ.

Ọ̀rẹ́ mi, mo wa ọkọ̀ yẹn bí ẹni tó ru ẹyin. Mi ò wo ẹ̀gbẹ́ mi. N ò ní purọ́ fún ọ pé mo rí nǹkan. Ẹ̀rù bà mí láti wò ni, ẹ̀rù pé n ò ní rí nǹkan. Mo rọra. Níbi tí ajá kan ti fẹ́ sọdá, mo tẹ fèrè fún un láti òkèèrè. Lẹ́yìn mi, irin ró: kò, kò, kò. Ìyá rẹ̀ ni. Mo dá a lóhùn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá ara wa sọ̀rọ̀ lọ, títí mo fi gbọ́ pé kíkàn ti dá, igbe ló kù. Igbe tí kò ké láti ọjọ́ yẹn ló ké láti etí omi délé, irin sì wà láàárín wa, mi ò dúró, torí mo rò pé bí mo bá dúró, yóò gbé e mì.

A délé nírọ̀lẹ́. Mo kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn iwájú, mo tú bẹ́líìtì, mo dúró díẹ̀. Mo wá lọ ṣí ẹ̀yìn. Ojú rẹ̀ ti wú. Mo ní, "Ẹ káàbọ̀ o. Ṣé ọ̀nà ò jìn jù?"

Ó ní, "Ó jìn. A dúpẹ́."

Lẹ́nu ọ̀nà, ó nu ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yẹra sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí a ti ń yẹra fún ẹni tó wà lẹ́yìn wa kó kọjá, kó tó wọlé kó sì ti ilẹ̀kùn. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ló tú báàgì.

Kò lọ sí pápákọ̀ mọ́. Ó ń sunkún báyìí, ó ń sunkún gan-an, nídìí ààrò, lórí ibùsùn, ṣùgbọ́n ó tún ń jà fún mi pé mi ò gé èékánná. Mo ti ní kí mẹkáníìkì de nọ́ọ̀tì yẹn. Èmi ló kù. Mo ti rin ọ̀nà náà láti ìgbà náà, láti pápákọ̀ yín délé, irin ò ró, kò sí nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọ̀nà wá gùn ju bí òwú ṣe sọ lọ. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Mo ti wo ẹ̀yìn títí ọrùn fi ń ro mí. Sípánà kan tó bá nọ́ọ̀tì yẹn mu wà lábẹ́ ìjókòó mi. Mo mọ ìdí tí mo fi gbé e síbẹ̀, ìwọ náà ti mọ̀ ọ́n. Mi ò tíì lò ó, àmọ́ bí mo bá ń dá nìkan rin ọ̀nà yẹn, mi ò fọkàn tán ara mi.

Nítorí náà, má wọ bàálù. Mo bẹ̀ ọ́. Èmi fúnra mi ń bọ̀ ní pápákọ̀ yín lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, bá mi gba orí ilẹ̀. Wàá máa sọ̀rọ̀, o mọ ọ̀rọ̀ sọ. Wàá máa bú ìwakọ̀ mi. Ìjókòó iwájú ti ṣófo báyìí, o lè jókòó síbẹ̀.

Bá mi kí ìyàwó, sọ fún un pé okùn tí a fi ń sá aṣọ kò ju kí a kan ìṣó méjì mọ́ ògiri lọ, bí mo bá dé n ó kàn án. Bá mi kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o sì fọwọ́ pa wọ́n lórí fún mi. Ìyàwó mi kí ọ púpọ̀. Ó ní bí o bá dé, kí o nu ẹsẹ̀ rẹ kí o tó wọlé.

                                        Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀,
                                        Ẹrù-Ń-Bọ̀.